Ibi Tí Kásẹ́ẹ̀tì Náà Gé Sí

Orin kan wà tí mo mọ̀ tán àfi ìparí rẹ̀. Mo mọ ibi tí olórin náà ti ń mí, mo mọ ibi tí gìtá ti ń wọlé, mo mọ ibi tí ohùn rẹ̀ ti máa ń fẹ́ já kó tó gbà á padà. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọ ọ́ dé ibì kan báyìí, tàk, ó parí. Bó jẹ́ abọ́ ni mò ń fọ̀, èmi náà á dákẹ́ níbẹ̀, màá mú abọ́ mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ fún ọdún 22.

Olórin kò ṣẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi ló tán.

Jean-Jacques Goldman lorúkọ olórin náà, ọmọ Faransé, tí wọ́n bí ní Paris ní 1951. “Puisque tu pars” lorúkọ orin náà. Ẹni tó ń lọ ni wọ́n ń fi dágbére fún. Àjàṣẹ́ la ti gbọ́ ọ, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin, nínú ilé kan tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé ọjà Wàǹdó. 1997 ni. Ọmọ ọdún 12 ni mí.

Àwo tí orin náà ti wá ni “Singulier 81/89”. Wọ́n gbé e jáde ní 1996, CD méjì, àkójọ orin tí Goldman ti kọ láti 1981 dé 1989. Orin tí àwọn ará Faransé ti rà lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ṣà jọ tí wọ́n tún tà fún wọn. Bí mo bá wò ó báyìí, ẹni tó ti mọ olórin tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ fún, kó lè fi rántí ìgbà èwe rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ro ti ọmọ Àjàṣẹ́ kan tí kò ní ohunkóhun láti rántí. Àwa pàdé ọkùnrin náà lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣà á bí ẹni ṣa ẹ̀wà, tí wọ́n ti fẹ́ ìyàngbò dànù. A rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀wà ṣe ń mọ́ láti oko.

Ẹ má sì rò pé a ra CD o. Ní oṣù kìn-ín-ní 1994 ni wọ́n já sẹ́fà, owó tí à ń ná, wálẹ̀. Títí dìgbà yẹn, 50 sẹ́fà ni fránkì Faransé kan. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó di 100. Gbogbo ohun tó bá ti Faransé wá wọ́n gógó, oògùn, ìwé, wàrà ọmọ. Ta ni yóò wá lọ fi owó ra orin? Ohun tí a ní ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní ìsọ̀ kékeré létí ọ̀nà, pẹ̀lú ẹ̀rọ CD kan àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì méjì tí wáyà wọn lọ́ mọ́ra bí ejò. O mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ, o dárúkọ olórin tí o fẹ́, o padà wá lọ́jọ́ kejì.

Kásẹ́ẹ̀tì tí Fofó mú lọ, ti 90 ìṣẹ́jú ni, 45 lójú kan, 45 lójú kejì. (Fofó là ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin nílé wa. Ọ̀rọ̀ Gùn ni. Ẹni tó bá dàgbà ní Àjàṣẹ́ tó sọ pé kò sí Gùn nínú Yorùbá òun, irọ́ ló ń pa.) Orin CD méjì kò lè wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin onísọ̀ yẹn ló jókòó tó tún ṣa àṣàyàn nínú àṣàyàn. Kò bi Fofó, kò bi Goldman. Ó mú èyí tí ìlù rẹ̀ dún, ó fi ọ̀pọ̀ nínú èyí tó lọ́ra sílẹ̀, ó fi bíìkì búlúù kọ orúkọ wọn sínú páálí, ó sì ṣi púpọ̀ kọ nínú wọn. Nígbà tó ku bí ìṣẹ́jú 4 kí ojú kejì tán, ó fi “Puisque tu pars” sí i, orin tó lé ní ìṣẹ́jú 7. Ó mọ̀ pé kò ní gbà á. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ yẹn jẹun kò lè ṣàìmọ̀.

Mo bínú sí i fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó yá ni mo rò ó pé èènì ló ṣe. Ó ti wọn gàrí tán, ó rí i pé àyè ṣì kù nínú àpò, ó bu díẹ̀ lé e. Ta ló ń bi onígàrí pé kí ló dé tí èènì kò kún abọ́?

Ọdún ìdánwò bac, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ni fún Fofó. Ó ní òun ń kàwé, rédíò sì ń dún. Màmá á ti ìta béèrè pé irú ìwé wo lèèyàn ń fi gìtá kà. Ṣùgbọ́n bó bá ti kan “Là-bas”, Fofó á pè mí wọlé. Orin ẹni méjì ni. Ọkùnrin inú rẹ̀ fẹ́ lọ sí ibì kan lọ́hùn-ún, ó ní níbí, wọ́n ti pín gbogbo ìpín tán kó tó kan òun. Obìnrin inú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, pé ewu ń bẹ níbẹ̀, pé ohun tó ń wá kò ju èyí tó ní lọ. Fofó ń ṣe ọkùnrin, èmi ń ṣe obìnrin. N kò gbọ́ gbogbo Faransé inú rẹ̀ nígbà yẹn, mo kàn mọ ibi tí mo ti gbọ́dọ̀ ké. A kọ ọ́ tó ìgbà ọgọ́rùn-ún. Ìgbà ọgọ́rùn-ún ni mo bẹ̀ ẹ́ kó má lọ, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò mọ̀ ọ́n bẹ̀, kí n fi omijé díẹ̀ sí i.

Sirima lorúkọ obìnrin tó kọ ọ́ ní tòótọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i. Ní Paris, ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń kọrin fún àwọn èrò tó ń kọjá, kí òun àti Goldman tó pàdé. 1987 ni orin náà jáde. Ní oṣù kejìlá 1989, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé pa á. Kò tíì pé ọmọ ọdún 26. Gbogbo ìgbà tí mò ń yá ohùn rẹ̀ lò ní Àjàṣẹ́, ó ti kú láti bí ọdún méje sẹ́yìn, n kò sì mọ̀. Páálí tí onísọ̀ fi bíìkì kọ kò lè sọ fún mi. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò sí níbẹ̀. Lójú mi, obìnrin kan wà níbì kan tó ń gbé ilé Goldman, tó ń bẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́.

Màmá kò fẹ́ràn ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní ohùn ọkùnrin náà tín-ín-rín jù, àfi bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó tún ń dùn ún jù ni pé orin náà kúrú. Òun ní kásẹ́ẹ̀tì Ebenezer Obey tirẹ̀, tí wọ́n ń rà wá láti apá Ìdìrókò, tí orin kan á wọ inú òmíràn láìsinmi títí ojú kan á fi tán. “Kí Obey tó kí àwọn olówó tó wà níjòókòó tán, òyìnbó yín yìí ti kọ orin mẹ́ta, ó ti lọ sùn.” A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo ti wá rí i pé ọ̀rọ̀ ló sọ. Orin Obey, agbo ni wọ́n ṣe é fún; èèyàn gbọ́dọ̀ ráyè jẹun níbẹ̀, kó jó, kó náwó, kó padà jókòó. Ti Goldman, rédíò ni wọ́n ṣe é fún, ibi tí wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó lè ṣe àkójọ Obey kó má dàbí ìgbà tí a gé ẹja odidi. Ti Goldman ti gé tẹ́lẹ̀ láti ilé.

Kétu la ti ṣẹ̀ wá. Àwọn kan nínú ìdílé wa wà ní Ìmẹ̀kọ, tí kò jìnnà sí Kétu rárá, ṣùgbọ́n ìlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lé lórí ní 1889 ló sọ wọ́n di ará ọ̀hún. Ní ìparí ọdún 1997, àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa méjì wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Wọn kò gbọ́ orúkọ Goldman rí. Fofó fi “Je te donne” sí i láti fi fọ́nnu. Orin 1985 ni: Goldman ń kọ tirẹ̀ ní Faransé, Michael Jones, ọmọ Wales, ń kọ tirẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí Jones ti wọlé ni èyí tó dàgbà nínú àwọn ọmọ Ìmẹ̀kọ ti fò dìde. “Ẹ̀yin! Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ yẹn!” Ó ń wò wá bí ẹni tó ká olè mọ́ inú ọgbà rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, àgbàlá wa pín sí méjì. Àwa ń kọ ti Goldman, wọ́n ń kọ ti Jones. Àwa kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, wọn kò gbọ́ tiwa, kò sì sẹ́ni tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kan. Bí orin bá tán, Yorùbá la fi ń jà lórí ẹni tó ṣì í kọ. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ inú orin náà dá lórí kí kálukú fi ohun tó yàtọ̀ lára rẹ̀ ta ẹnì kejì lọ́rẹ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nílé wa, igi ìdáná ló fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dé.

Ní 1998, omi lọ sílẹ̀ ní ìsédò Akosombo ní Gánà, ibi tí púpọ̀ nínú iná tiwa ti ń wá, àwọn àti àwa àti Tógò jọ wọ òkùnkùn. Rédíò di ti bátìrì. Bátìrì kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. À ń sá a sóòrùn lórí páànù, à ń fi eyín tẹ̀ ẹ́ níkùn, a kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ yí kásẹ́ẹ̀tì padà mọ́, bíìkì la fi ń yí i lọ́wọ́. Nínú àṣàyàn àṣàyàn tí onísọ̀ fún wa, a tún ní láti ṣà: orin mẹ́ta lálẹ́ kan. Fofó á mú ọ̀kan, èmi á mú ọ̀kan, ẹ̀kẹta ni “Là-bas”, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Nígbà mìíràn, ọ̀kan tèmi ni èyí tó gé. Fofó á ní mo fi bátìrì ṣòfò, pé ta ló ń san owó odidi lórí ìlàjì.

Bí bátìrì bá ti ń rẹ̀, ohùn Goldman á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Òun olóhùn tín-ín-rín á wá di àgbàlagbà, á máa wọ́ ọ̀rọ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó mu ọtí sódàbí ju ìwọ̀n lọ. Fofó fẹ́ràn ìyẹn. Ó ní Goldman oníbátìrì dára ju ti iná lọ, pé ó dàbí ẹni tí ojú rẹ̀ ti rí nǹkan. Ìyẹn nìkan ni ìgbà tí Màmá gbé orí sókè láti inú ilé ìdáná tó sì bi wá pé, ta nìyẹn, èyí mà gbọ́ orin díẹ̀.

Fofó gba bac lẹ́ẹ̀kejì tó ṣe é. Ó lo ọdún kan ní yunifásítì ní Calavi, ó ní ìwé kò lè yọ òun. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Libreville, ní Gabon. Ní 1999, ó lọ.

N kò bẹ̀ ẹ́. Ọmọ ọdún 14 ti ń tijú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo gbé báàgì rẹ̀ dé ibi tí onízẹ́mì dúró sí, ó fi ọwọ́ gbá mi lórí, ó jókòó sẹ́yìn ọ̀kadà, ó lọ. Ìgbà tí mo wọlé ni mo rí i pé páálí kásẹ́ẹ̀tì kò sí lórí àga mọ́. Mo ní ó ti mú un lọ, mo jókòó, mo sunkún. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo tẹ rédíò, Goldman bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rédíò. Páálí òfìfo ni Fofó gbé lọ sí Gabon.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo orin mi ṣe di aláìlórúkọ. Àkọlé tí onísọ̀ kọ wà ní Libreville, ohùn wà ní Àjàṣẹ́. Olórin fúnra rẹ̀ ń pe orúkọ púpọ̀ nínú wọn lápètúnpè nínú orin. Síbẹ̀, mo sọ wọ́n lórúkọ bó ṣe wù mí. “Elle a fait un bébé toute seule” ń jẹ́ “Ọlọ́mọ Láìlọ́kọ”. “Quand la musique est bonne” ń jẹ́ “Sáré”, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe mí. “Comme toi” ń jẹ́ “Sárà”, orúkọ ọmọbìnrin inú rẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀rẹ́bìnrin olórin ni Sárà yìí, pé ó já a jù sílẹ̀. Ìgbà tí mo tó ọmọ ogún ọdún, tí mo jókòó ní sáíbà kan ní Kútọnu, ni mo kà á pé ọmọ kékeré Júù kan ni, lára àwọn tí wọ́n pa nígbà ogun Hitler, pé àwòrán kan nínú ìwé àwòrán ìyá Goldman ló mú un kọ ọ́. Júù ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ọ̀kan láti Pólándì, ọ̀kan láti Jámánì. Mo ti jó sí orin yẹn. Mo ti jó sí i níbi ìkómọ.

“Puisque tu pars” ń jẹ́ “Èyí Tó Gé”.

Sáíbà yẹn ni mo ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀, owó ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan. Ó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń jẹ́ Taï Phong kó tó dá dúró, Gẹ̀ẹ́sì ló sì fi kọ èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú orin wọn, ní 1975. Nígbà tó fẹ́ gbé àwo àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde ní 1981, ó ní kí wọ́n sọ ọ́ ní “Démodé”, ohun tí ayé ìgbà rẹ̀ ti kọjá. Àwọn tó ń tà á kọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ní kí wọ́n sọ èkejì ní “Minoritaire”, ẹni tó wà lára àwọn tí kò pọ̀. Wọ́n tún kọ̀. Kò yà mí lẹ́nu, èèyàn kì í kiri ọjà pé ọjà òun ti ṣá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì yẹn dùn mọ́ mi. Àwa tí wọ́n ń pè ní Nàgó ní ilẹ̀ yìí, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ará Faransé, tí àwọn ará Kútọnu ń bi pé ṣé kì í ṣe Nàìjíríà la ti wá, minoritaire kì í ṣe àlejò sí wa. Ọkùnrin yìí rò pé òun kò pọ̀, ó wá di ẹni tí àwọn ará Faransé ti dárúkọ lọ́pọ̀ ọdún pé òun làwọn fẹ́ràn jù, pàápàá lẹ́yìn tó ti fi orin sílẹ̀. 2001 ni àwo ìkẹyìn rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò gbé àwo tirẹ̀ mìíràn jáde mọ́.

Wọ́n ti ṣe àkójọ kejì fún un ní 2000, wọ́n pe ìyẹn ní “Pluriel 90/00”. Ọ̀kan lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pọ̀ lẹ́yìn náà, nítorí pé láti 1990, òun àti Michael Jones àti Carole Fredericks ni wọ́n jọ ń kọrin. Obìnrin yẹn, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ohùn rẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Dakar ló kú sí ní 2001. Mo ti gbìyànjú láti fẹ́ràn àkójọ kejì yìí, kò wọ̀ mí lára. Orin inú rẹ̀ dára, bóyá ó dára jù pàápàá, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo fi bíìkì yí i.

Nígbà tí mo wá ní fóònù tó dára, mo gbọ́ àwọn àwo àtijọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, odidi. Mo bá àwọn orin tí kò sẹ́ni tó ṣà. Àwọn kan kò dára, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àwọn kan sì wà tí mo ń bi ara mi pé ta ló fi ìwọ sílẹ̀? Èyí tó ń dà mí láàmú jù ni ètò wọn. Bí “Je marche seul” bá ti tán, etí mi á ti gbé orin tí onísọ̀ fi tẹ̀ lé e lọ́wọ́, òmíràn ni yóò sì wọlé, bí ìgbà tí èèyàn gba ọ̀nà ilé rẹ̀ tó bá ilé onílé. Bí ó bá wá kan “Èyí Tó Gé”, mo máa ń pa á níbi tó ti ń gé. Ìka mi mọ ibẹ̀. N kò lè sọ ìdí. Fóònù lè lù ú dé òpin, kò sí bátìrì tí à ń ṣọ́, mo ṣì ń pa á.

Bàbá wa kú ní 2019. Kétu la sin ín sí. Fofó wá. Láàárín ogún ọdún ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì péré, kíákíá, pẹ̀lú ẹ̀bùn nínú báàgì àti fóònù létí. Lọ́tẹ̀ yìí ó dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti sanra, irun ti ń fi iwájú orí rẹ̀ sílẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í ki òkú. Wọ́n ki Bàbá, wọ́n ki bàbá rẹ̀, wọ́n ki àwọn tó bí ìyẹn. Inú wa ń dùn, à ń náwó fún wọn. Àfi bí ọ̀kan nínú wọn, arúgbó tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, ṣe fa àgídí Bàbá yọ. Ó ní ẹni tó rí òjò tó sì sọ pé oòrùn ni. Ó tún mẹ́nu kan gbèsè ẹmu kan tí Bàbá jẹ nígbà ọ̀dọ́, tí kò san títí ẹlẹ́mu fi kú. Ó fi orin sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn dídùn kan náà tó fi sọ̀rọ̀ oyè àti ẹṣin. Agbo ilé rẹ́rìn-ín. Màmá pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹkún.

Ibẹ̀ ni Singulier ti wá sí mi lọ́kàn, níbi tí kò yẹ kó wá. Mo ní, àkójọ náà kúkú ni oríkì. Ohun tí ìran kan sọ, tí ìran kejì kò jẹ́ kó bọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ki ọ kò ní bi ọ́ léèrè èyí tí o fẹ́ kó yọ. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń kọ lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu kan náà ń kọ́? Kò sẹ́ni tó ń ṣà wọ́n. Èyí tí àwọn obìnrin bá ṣì ń kọ nídìí odó lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni èyí tó kù, ó sì lè jẹ́ èyí tó bú ọkọ wọn. Àwo àkójọ, ní tirẹ̀, ibi tí olórin ti ga nìkan ló ń fi hàn, òkè dé òkè, kò sí àfonífojì. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tiwa, tàk yẹn nìkan ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣà.

Lọ́jọ́ kẹta, Fofó àti èmi jókòó sẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo mú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ orin náà, kò yí ojú padà.

“Ta nìyẹn?”

Mo wò ó. N kò dáhùn.

“Áà. Goldman.” Ó rẹ́rìn-ín. “O ṣì ń gbọ́ èyí?”

Mo bi í nípa páálí. Ó ní òun rántí. Nígbà tí òun tú ẹrù ní Libreville tí òun ṣí i, tí òun rí i pé òfìfo ni, òun rẹ́rìn-ín, òun sọ ọ́ sóde. Ó ní kí lòun fẹ́ fi Goldman ṣe ní Gabon, gbogbo rédíò níbẹ̀ ló ń lù ú. Obey lòun wá kiri. Ó ní ní bí ọdún méjì àkọ́kọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé lòun ń lọ sí ọjà Mont-Bouët, sí ìsọ̀ àwọn ará Nàìjíríà, tí òun ń dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra nǹkan, kí òun lè gbọ́ irú orin tí Màmá ń lù.

“Èyí tó wà lójú kejì yẹn, tó ti ń kí àwọn èèyàn. Ṣé ó ṣì wà nílé?”

Mo ní ó ṣeé ṣe kó wà. Mo ń ronú pé èmi tí mo tọ́jú kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún ogún ọdún, tí mo fi aṣọ wé e, n kò ronú kan ti Màmá rí. Mo rò pé eku ti jẹ ẹ́.

Orin ń lọ. Mo gbọ́ pé ó ti ń sún mọ́ ibẹ̀. Mo na ọwọ́ sí fóònù, Fofó gbá ọwọ́ mi kúrò, bí ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 12 tí mo fẹ́ fọwọ́ kan rédíò rẹ̀. Tàk kò wá. Gìtá ń bá tirẹ̀ lọ. Fofó, tó béèrè pé ta nìyẹn, ń kọ ọ́ lọ lábẹ́ ẹnu, ó mọ èyí tó kù, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Èmi jókòó tì í, mo panu mọ́, mo ń gbọ́ orin mi bí àlejò.

Ó pẹ́ kó tó tán. Nígbà tó tán, a gbọ́ ohùn Màmá láti inú yàrá, ó ti há fún ẹkún ọjọ́ mẹ́ta.

“Orin yín yẹn,” ó ní, “ṣé ó tún ti gùn sí i ni?”